Ibi Tó Ń Dún Bùù Lára Lékeléke

Kò sí ohun tó ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Fáíbà láìjẹ́ pé ó fi kọ́kọ́rọ́ kàn án lára ná. Kọ́kọ́rọ́ náà kò ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ń ṣí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù yẹn nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà. Ilẹ̀kùn lọ, ògiri lọ, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ṣẹ́kù. Àǹtí Fáíbà fi okùn kọ́ ọ sọ́rùn bí ẹni pé ilé kan ṣì wà níbì kan tó ń dúró dè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún ara ọkọ̀ ojú omi ṣe. Fáíbà tó fi ń ṣe é jẹ́ aṣọ funfun kan tí wọ́n fi fọ́nrán dígí hun. A ó tẹ́ aṣọ náà sí ibi tó ti ya, a ó po gọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ oògùn tí ń mú un le, a ó dà á lé e, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Tó bá gbẹ tán, ó le bí egungun. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, Àǹtí Fáíbà á pe olúwa rẹ̀, á ní kó gbé etí sún mọ́ ọn, á wá máa fi orí kọ́kọ́rọ́ kan ara ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti wọ aṣọ dáadáa, á dún kó, kó, kó. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí lábẹ́, á dún bùù. Tó bá ti lè dún bùù, ọkọ̀ kò lọ mọ́ nìyẹn. Á mú ọ̀bẹ, á la ibẹ̀, á sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹni tó ni ọkọ̀ ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn fi ọ̀dà bò ó. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn.

"Ọ̀dà kì í wo àrùn."

Gbogbo ará etí omi ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ẹnì kan bá kun àtíkè ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á ní kó lọ bi Àǹtí Fáíbà bóyá ọ̀dà ń wo àrùn.

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní Wáyà, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí wáyà kì í yọrí lápò ṣòkòtò rẹ̀. Fóònù ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó fẹ̀yìn ti ilé àwọn alágbàfọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó parí lọ. Ó ṣe kẹ̀kẹ́ oníná dé àárín, ó pa á tì. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ń fọ abọ́, ìyá wọn sì ti gbin òdòdó sínú ẹ̀. Ìyá yìí, tó ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní òdìkejì ọ̀sà, máa ń sọ pé tí òun bá kú, kí wọ́n má fi Wáyà sára àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀, kí òun má baà sùn sínú ààbọ̀ kòtò. Wáyà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í sábà dé ojú.

Wáyà ló kọ́kọ́ rí fídíò náà. Ọkùnrin kan dúró lórí pátákó lójú omi. Kò sí ìgbòkun, kò sí okùn, kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì. Pátákó náà sáré díẹ̀, ó wá gbéra kúrò lójú omi pátápátá, ó ń lọ lókè lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bí ẹni pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó gbé e dání. Wáyà ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wọ inú omi lọ, ìyẹ́ bíi ti ẹyẹ sì wà nídìí rẹ̀. Mọ́tò oníbátìrì kan wà níbẹ̀ tó ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ti ti omi sẹ́yìn tó, tí eré sì pọ̀, omi á gbé ìyẹ́ náà sókè bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn olówó ń ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣe é lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n sì ń fi bí wọ́n ṣe ṣe é han ara wọn.

"Àwọn yẹn kò ní orí méjì," ni Wáyà wí. "Ẹ ní fáíbà, èmi ní iná. Kí ló tún kù?"

"Ọpọlọ ló kù," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà lára fóòmù ńlá kan tó fara ti ògiri, ó ti ń wọ̀n ọ́n lọ́kàn.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí Fáíbà gé fóòmù, ó fá a títí ó fi dán bí ẹ̀yìn ẹja, ó sì fi fáíbà wé e. Ó gbẹ́ ìyẹ́ láti ara igi, ó wé òun náà. Wáyà rí páìpù pẹlẹbẹ kan níbi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, èyí di ẹsẹ̀. Ó to bátìrì jọ sínú àpótí tí rọ́bà yí ẹnu rẹ̀ ká kí omi má baà wọlé, ó sì ṣe rìmóòtù kékeré tí ẹni tó bá gun pátákó máa dì mọ́ ọwọ́. Nítorí pé funfun ni wọ́n fẹ́ kùn ún, tí ó sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan bí ẹyẹ tó dúró sẹ́bàá omi, wọ́n sọ ọ́ ní Lékeléke. Ara rẹ̀ di ti ẹ̀gbọ́n, iná rẹ̀ di ti àbúrò.

Ọjọ́ tí Wáyà kọ́kọ́ ki mọ́tò bọ inú bàsíà omi láti dán an wò, ẹ̀yìn ni abẹ̀bẹ̀ ń gbé e lọ dípò iwájú. Ó ti so wáyà lódìlódì. Àǹtí Fáíbà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín nìkan ìbá dára. Ó tún lọ sọ fún Awakọ̀, ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá ọ̀sà, tí kì í jẹ́ kí àárọ̀ kọjá kó má wá mu tíì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Awakọ̀ bá ti rí Wáyà lókèèrè, ẹ̀yìn ni yóò máa fi rìn wá bá a, yóò sì bi í bóyá Lékeléke ti mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Wáyà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì tú gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀ palẹ̀, ó ń tún un so. Ìyẹn gba àkókò. Nígbà tí Awakọ̀ béèrè ìgbà tí wọn yóò parí, Àǹtí Fáíbà dá a lóhùn níṣojú àbúrò rẹ̀ pé, "Ara Lékeléke kò ní í dá ẹnikẹ́ni dúró. Iṣẹ́ ẹlòmíì ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wá di gbèsè sí i lọ́rùn.

Ó ku ibi kan ṣoṣo tí kò tíì dí, ibi tí ẹsẹ̀ ti wọ inú pátákó. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹrù wà, nítorí pé bí ẹni tó dúró lókè ṣe wúwo tó, àti bí omi ṣe ń ta ìyẹ́ nísàlẹ̀ tó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Lọ́jọ́ tí Àǹtí Fáíbà fẹ́ dí i, òjò ṣú. Gọ́ọ̀mù kì í tètè gan nínú òtútù, nítorí náà ó bu oògùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Kò pẹ́ rárá tí òjò yí èrò padà, oòrùn sì yọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ìkà. Ife gọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Èéfín tín-ín-rín yọ lẹ́nu ife náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ife tó bá ti rú èéfín, dídànù ni. Àmọ́ aṣọ ti wà ní títẹ́, ó sì ti ń gbọ́ ohùn Wáyà àti Awakọ̀ lókèèrè. Wáyà ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò tó ti ń yí síwájú, orin wà lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí Fáíbà da gọ́ọ̀mù náà lé aṣọ, ó ń sáré fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́. Ó ti ń le kó tó dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tó gbẹ, ó dúró kí ṣọ́ọ̀bù ṣófo kó tó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Kó, kó, kó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti wọlé, níbi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó dún bùù.

Ó tún kàn án. Bùù.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ọ̀bẹ wà lórí tábìlì, kò ju kó nawọ́ mú un lọ. Ṣùgbọ́n bó bá la ibẹ̀, wọ́n á bi í ìdí tó fi là á. Wáyà tó so wáyà lódì ti parí, òun tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí àbúrò rẹ̀ tó mọ orúkọ gọ́ọ̀mù ni yóò wá máa dá wọn dúró. Ó rò ó pé ibẹ̀ kò kúkú fẹ̀. Ó rò ó pé ẹ̀bá omi nìkan ni Wáyà yóò ti máa gùn ún, níbi tí omi kò ti ju àyà lọ. Ó ń rò ó báyìí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń ṣí ìdérí ọ̀dà. Nígbà tó kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó dà bíi pé ó ṣì ń rí ibẹ̀, ó bá tún kùn ún.

Lékeléke fò. Wáyà kọ́kọ́ ṣubú, ó tún ṣubú, ó mu omi títí ó fi ní òun kò ní jẹun alẹ́. Lẹ́yìn náà ni pátákó gbéra lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ariwo omi sì dákẹ́, ó ń lọ lórí afẹ́fẹ́ bí ẹni tí kò jẹ ilẹ̀ ní nǹkan kan. Àwọn tó wà létí omi patẹ́wọ́. Awakọ̀ bọ́ fìlà. Bí Wáyà ti gúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé mọ́tò kò le bẹ́ẹ̀, pé ara pátákó ni gbogbo ọ̀rọ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ àbùkù. Wọ́n yíjú sí Àǹtí Fáíbà, wọ́n ń yìn ín. Ó ń fi ìka pa okùn ọrùn rẹ̀. Kò sí ìyìn kan níbẹ̀ tí kò gún un.

Láti ìgbà náà ni oorun ti ń sá fún un. Ó di ẹni tó ń lọ dúró létí omi máa ṣọ́ àbúrò rẹ̀. Ó ra ẹ̀wù ìléfòó tó nípọn fún un, ó ní kò gbọdọ̀ gun Lékeléke láìwọ̀ ọ́. Ó ní kó má sáré jù. Ó ní kó má kọjá òpó tó wà létí omi, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dáa. Awakọ̀ tó mọ afẹ́fẹ́ ọ̀sà bí ẹni mọ ìyàwó rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ wo nìyẹn, òun kò tíì pàdé rẹ̀ rí. Wáyà ní kó fi ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀, ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Tí Wáyà bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ fóònù, Àǹtí Fáíbà á gbé Lékeléke dojú dé, á sì kàn án. Ibi tó ń dún bùù ti ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ń fẹ̀ sí i. Bí ẹsẹ̀ náà bá yọ lórí eré, yóò ju ẹni tó wà lókè sínú omi, ìyẹ́ tó mú bí ọ̀bẹ á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó mọ èyí. Lójoojúmọ́ ló ń pinnu pé òun yóò sọ ọ́ lọ́la, bí ọ̀la bá sì dé, á bá ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Wáyà sọ pé òun fẹ́ gun Lékeléke sọdá ọ̀sà lọ bá ìyá wọn.

Tíì ni Àǹtí Fáíbà ń mu lọ́wọ́. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó ní ọ̀nà jìn, bátìrì lè má gbé e. Wáyà ní òun ti dán bátìrì wò, yóò gbé e lọ, yóò tún ṣẹ́kù. Àǹtí Fáíbà ní ìgbì lè wà láàárín ọ̀sà. Wáyà ní Awakọ̀ yóò máa tẹ̀ lé òun. Awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, kìkì pé ọkọ̀ òun ti dàgbà, òun yóò máa bọ̀ lẹ́yìn bí ìyàwó tó ń bínú. Àǹtí Fáíbà wá ní kò tíì yá, kí wọ́n ní sùúrù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n lọ," ni Wáyà wí. "Mo fẹ́ kí ìyá wa rí ohun kan tí mo parí."

Àǹtí Fáíbà ní kó lọ, kó má ṣáà gbàgbé ẹ̀wù ìléfòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ìyá wọn ti ránṣẹ́ pé òun àti àwọn aládùúgbò òun ti wà létí omi, àwọn ti gbé àga wá. Awakọ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì. Wáyà wọ ẹ̀wù ìléfòó, ó so rìmóòtù mọ́ ọwọ́, ó wá dojú Lékeléke dé sórí iyanrìn níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ kàn án fún mi," ó ní. "Oníbàárà ni mí lónìí." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ọn bí gbogbo oníbàárà ṣe ń ṣe.

Àǹtí Fáíbà bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Kó, kó, kó. Ó rọra ń bọ̀, ó dé ìdí ẹsẹ̀, ó fo ibẹ̀, ó sì ń bá a lọ sẹ́yìn. Kó, kó.

"Ẹ ò kan ibí," ni Wáyà wí. Ó fi ìka tọ́ka sí i.

"Mo kàn án lánàá."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìdí sì nìyẹn tó fi burú. Wáyà mi orí bẹ́ẹ̀ ni. "Tẹ́ ẹ bá ti kàn án, ó parí nìyẹn." Ó gbé Lékeléke léjìká, ó wọ inú omi lọ.

Àǹtí Fáíbà ń wò ó bó ti ń lọ. Omi dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìbàdí. Ó sọ pátákó náà kalẹ̀, ó fi àyà lé e, ó yíjú padà ó juwọ́ sí i. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ kò tíì yí padà láti kékeré, ó ṣì dà bíi ti ọmọ tí òun máa ń dì mọ́ ọwọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́, tó jẹ́ pé bí òun bá ní kó sọdá títì, kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì. Ohùn òun ló máa ń fi sọdá.

Àǹtí Fáíbà kò mọ ìgbà tó wọ inú omi. Tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ ló wọ̀ ọ́, ó ń la omi kọjá bí ẹni tí nǹkan ń lé. Ó di ìdí pátákó náà mú kí Wáyà tó fọwọ́ kan rìmóòtù.

"Sọ̀kalẹ̀."

"Kí ló dé? Ṣé afẹ́fẹ́ yẹn náà ni?"

"Sọ̀kalẹ̀, àbúrò mi."

Wọ́n gbé Lékeléke padà sórí iyanrìn. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ àwàdà kan, ó rí ojú wọn, ó sì gbé àwàdà náà mì. Àǹtí Fáíbà mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó kan ibẹ̀. Wáyà kàn án. Bùù.

"Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí mo ti kùn ún," ni Àǹtí Fáíbà wí. "Mo mọ̀. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì fi ọ̀dà bò ó."

Ó ń dúró kí Wáyà pariwo. Ó ti múra sílẹ̀ fún un. Ó fẹ́ ẹ pàápàá. Wáyà kò pariwo. Ó tún kan ibẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí aláìsàn wà.

"Mo ti gbọ́ ọ rí," ó ní. "Mo ti fi ìka kàn án lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ ra gọ́ọ̀mù. Mo rò pé etí mi ni. Mo ní tó bá jẹ́ pé bó ṣe dún nìyẹn lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi kò ní í kùn ún."

Àǹtí Fáíbà jókòó sórí iyanrìn tòun ti aṣọ tútù. Ó lérò pé ihò ara pátákó nìkan ni òun kùn bò. Kò mọ̀ pé òun ti fi ọ̀dà yẹn kun etí àbúrò òun náà.

Ó ní kí Wáyà bá òun mú ọ̀bẹ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó fi là á níbẹ̀, lójú Awakọ̀ àti lójú gbogbo ẹni tó dúró. Ọ̀dà funfun ń bó wẹ́wẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, aṣọ fáíbà gbẹ fúrúfúrú, gọ́ọ̀mù kò kàn án rárá, ìka ènìyàn lè wọ àárín rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ Lékeléke mú, ó mì ín. Ẹsẹ̀ náà dún kẹ́ẹ́ bí eyín tó fẹ́ yọ.

Ọkọ̀ Awakọ̀ ni wọ́n wọ̀ sọdá, nítorí pé ìyá wọn ń dúró. Wáyà jókòó síwájú, Àǹtí Fáíbà jókòó sẹ́yìn, àwọn ìjókòó òfìfo sì wà láàárín wọn. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rí ìyá wọn, agboòrùn rẹ̀ àti àwọn àga àti àwọn aládùúgbò tó na ọrùn. Nígbà tó rí i pé inú ọkọ̀ ni ọmọ rẹ̀ jókòó sí bíi ti gbogbo èrò, ó pa agboòrùn dé.

"Wọ́n ní ẹyẹ ni kí n máa retí," ó ní. "Èwo ni kò tún parí lọ́tẹ̀ yìí?"

Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wáyà rẹ́rìn-ín náà, ẹ̀rín tí kì í dé ojú. "Ẹ má bínú, màmá. Wáyà mi kan ló..."

"Irọ́ ló ń pa," ni Àǹtí Fáíbà wí. Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Tiẹ̀ parí. Ó ti parí tipẹ́. Tèmi ni kò dáa. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo fi ọ̀dà bò ó, mo sì jẹ́ kó máa gùn ún."

Ìyá wọn wò ó. Ó wo aṣọ rẹ̀ tó ṣì ń kán omi, ó wo ọrùn rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀.

"Ìwọ?" ó ní.

"Èmi ni, màmá."

Ìyá náà kò bú u. Ó yíjú sí Wáyà, ó gbá a ní èjìká mú, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó pé. Ó wá sọ fún àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n kó àga wọlé, oòrùn ti ń mú. Ó di ọwọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ mú lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní kí ẹ̀gbọ́n náà wá bọ́ aṣọ tútù yẹn. Bó ṣe sọ ọ́, ó dà bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Àǹtí Fáíbà tún ibẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gé gbogbo ohun tó ti bàjẹ́ kúrò, ó sì ń po gọ́ọ̀mù ní ife kékeré kékeré. Bí ife kan bá ti gbóná díẹ̀ péré, ó ń dà á nù. Awakọ̀ ṣì ń wá mu tíì, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀yìn rìn wá mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀dà àti àrùn níwájú rẹ̀. Ìbá wù ú kí wọ́n sọ ọ́.

Àǹtí Fáíbà kò gba kọ́kọ́rọ́ náà padà lọ́wọ́ Wáyà. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ tán, kó tó kùn ún, ó pe Wáyà wá kàn án. Wáyà dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbójú sókè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó tún wò ó. Àǹtí Fáíbà rí i pé ojú òun ló fẹ́ kà, kò tíì gba etí ara rẹ̀ gbọ́.

Ó bá yí padà, ó dojú kọ ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wojú mi."

"Èmi kò sí níbí," ó ní. "Kí lo gbọ́?"

Ó pẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tó tún dún. Àǹtí Fáíbà ń wo àwọn ẹ̀kán gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ sára ògiri, ó ń gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ti ń mí.

"Kó," ni Wáyà wí. Lẹ́yìn náà, "Kó. Kó." Lẹ́yìn náà ó kan ibì kan lẹ́ẹ̀kan, ó tún kàn án. Létí Àǹtí Fáíbà, ibẹ̀ dára, kò ní àbùkù kankan.

"Ibí yìí kò dá mi lójú," ni Wáyà wí.

Àǹtí Fáíbà kò yíjú padà. Ó na ọwọ́ sí orí tábìlì, ó wá ọ̀bẹ rí, ó sì nà án sí Wáyà lẹ́yìn kó fi la ibẹ̀.